Àwòrán Japan Nínú Àpótí Ìyàwó

Lómé, Sátidé

Ràmọ́tù ní òun ò lè fẹ́ èmi tí mo sá kúrò níléèwé. Ó dáa.

Atukọ̀ Faransé kan fún mi láwòrán Japan ní wọ́ọ̀fù, níbi tọ́kọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, tọkùnrin tobìnrin níhòòhò lórí ẹní. Ó ní lọ́hùn-ún, ìyá ìyàwó ló ń fi sẹ́rù ọmọ ẹ̀, kí tọkọtaya lè jọ wò ó, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín.

Lánàá, Ràmọ́tù fẹ́ ẹlòmíràn, èmi ọlọ́gbọ́n sì bá àwọn ẹbí ẹ̀ ru àpótí ẹ̀ relé ọkọ. Mo ti ti àwòrán náà sáàárín aṣọ.

Ìyá ọkọ tú ẹrù lójú ẹbí lónìí, ló bá fà á yọ. "Ìyàwó, ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

Ràmọ́tù búra títí, ọkọ ẹ̀ ò wojú ẹ̀. Wọ́n lé e padà sílé bàbá ẹ̀.

Èmi náà ni wọ́n tún ní kí n ru àpótí. Mo tẹ̀lé e, mo ń súfèé. Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.