Bí Mo Ṣe Pín Ẹ̀rọ Àwọn Ọmọ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ìwọ àti ọkọ rẹ? Ṣé ọ̀gá rẹ ò tún kanra mọ́ ọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ pàdé aburú lójú títì, iṣẹ́ ọwọ́ yín á sì máa gbè yín. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún tó máa ń dún nígbà tí mo bá fẹ́ dìde. Ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ mi ń jẹun, ó ń sùn, ṣùgbọ́n kì í bá mi tàkúrọ̀sọ mọ́, ìdí ìwé yìí sì nìyẹn. Bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì rú mi lójú. Tíṣà tuntun kan dé ilé ìwé wọn, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì. Ó ní táyà mẹ́rin, kò sì ní ìjókòó, n kò mọ ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Tíṣà ní kí ẹ̀rọ yìí gba àárín páálí tí wọ́n tò sílẹ̀ kọjá lọ gbé bọ́ọ̀lù wá, kí ẹnikẹ́ni má tì í. Bọ́ọ̀lù ọ̀hún ò jìnnà o, ọmọ ọdún méjì á gbé e wá. Nígbà tí àwọn ọmọ bi í léèrè bí wọn á ṣe ṣe é, ó ní òun ò ní sọ, kí wọ́n jọ rò ó. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n ni, ojú ló ń tì í.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ tiwa, ọmọ télọ̀, ọmọ bíríkìlà àti ọmọ awakọ̀. Mo bi tíṣà pé ta ló ni ín, ó ní gbogbo wọn ni. Ó ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìka kọ̀ọ̀kan ló ní èékánná tirẹ̀.

Nígbà tó di Sátidé, wọ́n gbé e wá sí pálọ̀ mi torí pé ilẹ̀ ibẹ̀ dán. Kò pẹ́ tí ariwo fi sọ. Ọmọ télọ̀ ní òun ni òun á darí rẹ̀, ọmọ awakọ̀ ní ṣebí ìdílé àwọn ló ń wakọ̀, ẹ̀rọ sì ń forí sọ ẹsẹ̀ àga. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo mú ọ̀bẹ, mo tú u, mo sì pín in fún wọn. Mo kó táyà fún ọmọ awakọ̀ nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, wáyà fún ọmọ télọ̀ torí ó jọ òwú, bátìrì fún ọmọ bíríkìlà torí ó wúwo, orí ẹ̀rọ sì kan ọmọ tiwa, àwa la ṣáà nilé. Kálukú kó tirẹ̀, wọ́n sì gba ilé lọ láì jà mọ́. Mo rò pé inú wọn dùn ni.

Tíṣà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo sọ fún un pé ìjà ti parí, kálukú ti gba ìpín tirẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó di orí mú, ó ní Fúráìdè ni wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ náà lọ bá ti ilé ìwé mìíràn díje. Mo ní kò séwu, nǹkan kan ò sọnù. Àṣé àbúrò ọmọ awakọ̀ ti ju táyà kan sí kànga. Mo ní kí tíṣà yáa tò ó padà, ó tún ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, pé ìṣòro tuntun ló dé yìí, àwọn ọmọ ni yóò yanjú rẹ̀. Irú iṣẹ́ wo lèyí tí wọ́n ń sanwó oṣù fún?

Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ ti ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò. Ó dùn mí wọra.

Lánàá, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó ìpín wọn dé, wọn ò sì jà. Ẹni tó mú wáyà lọ ti yẹ̀ ẹ́ wò débi pé ó mọ ojú ihò rẹ̀, ẹni tó ni bátìrì náà mọ tirẹ̀, wọ́n ń bi ara wọn léèrè, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. N ò mọ̀ bóyá kí n tọrọ àforíjì ni tàbí kí n gba ọpẹ́. Wọ́n tò ó padà, ẹ̀rọ sì dìde, ṣùgbọ́n ó ń yí po lójú kan nítorí táyà kan tó dín. Ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ ní òun ò ní ìwọ̀n rẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó táyà ránṣẹ́, kí o fi owó bàtà mi kún un, mo fẹ́ bá wọn lọ síbi ìdíje. Fún ènìyàn kó mú un wá o, owó tó o fi sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, n kò rí ibi tó bà sí.

Mo bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ tèmi. Ọmọ rẹ ló dáhùn, ó pè mí ní Màmá mi, ó ní kí n jókòó ti ẹ̀rọ títí àwọn á fi ti ilé ìwé dé, kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pín in, àní èmi gan-an. Mo ti jókòó tì í látàárọ̀. Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi, àwọn ọmọ rẹ á ṣìkẹ́ rẹ dọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni, ìyá rẹ tó wà lẹ́nu iṣẹ́.