Káàdì Ẹnìkejì Mi

Àbíkẹ́yìn mi, ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Èmi wà, mo ń jẹun. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, ilé a máa dákẹ́, kò burú.

O bi mí ohun tí mo fẹ́ ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bíríìjì ni, káàdì tí àwa àgbàlagbà mẹ́rin máa ń ta ní gbọ̀ngàn àdúgbò, méjì sí méjì. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni ẹnìkejì mi, òun náà ló ń bá mi kọ ìwé yìí.

Mo fẹ́ máa rántí káàdì tó ti jáde. Èyí tó le jù ni pé bí káàdì tíṣà bá ti ń jẹ fún àwa méjèèjì, èmi a tún ju ńlá lé e. Látìgbà tí ìyá rẹ ti kú, n kò gbà pé ẹlòmíràn lè ṣe nǹkan kó yanjú.

Tíṣà ní, "Bàbá, ṣé ọ̀tá yín ni mí ni? Ẹ tún pa káàdì mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ògiri lẹ máa bá ta á." Ẹnu obìnrin yìí mú bí abẹ. Ó ti kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Lánàá, káàdì ayaba rẹ̀ wà nílẹ̀, ọba tó jù ú lọ wà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ káàdì kékeré ni mo jù. Ayaba jẹ. Ó ní, "Ẹ káre, Bàbá."

Bá mi kí ọkọ rẹ. Aṣọ ìyá rẹ tí mo ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn, mú èyí tó bá wù ọ́, kí o pín ìyókù fún àwọn àbúrò ìyá rẹ.

Bàbá rẹ.