Bọ́tìnnì Tí O Ní Kí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Mi Lápá

Àpèkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú gígun òkè Shooters Hill nílùú òyìnbó lọ wẹ ìyá oníyàá. Ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú arúgbó kò ní rọ láéláé. Ara bàbá rẹ le, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, òrùlé balùwẹ̀ sì ń jò. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o.

Bọ́tìnnì funfun tí o fi ránṣẹ́, tí nọ́ọ̀sì lẹ̀ mọ́ mi lápá pé kó máa wo ṣúgà ara mi, kó máa sọ ọ́ fún fóònù rẹ, ó ti sú mi. N kò ní tíì gbé òkèlè ẹ̀bà kejì mì tí wàá ti pè láti Thamesmead tí o ń gbé pé ṣúgà mi ti gòkè. Mo fi ìborùn bò ó, o rí i. Mo lọ jẹun ní ẹ̀yìnkùlé, o tún rí i. Irú ọmọ wo ló ń ṣọ́ òkèlè ìyá rẹ̀? O ní ìnsúlínì tí mò ń gún, pọlipẹ́pútáìdì ni, ó dà bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹyọ mọ́kànléláàádọ́ta lórí okùn méjì, òun ló ń ṣílẹ̀kùn kí ṣúgà lè wọnú ẹran ara, àti pé ara mi kò lè sín tirẹ̀ mọ́. Ara èmi tí mo sín ìlẹ̀kẹ̀ sí ọ nídìí ni kò wá mọ ìlẹ̀kẹ̀ sín mọ́!

Èyí tó dùn mí jù ni ti Jímọ̀ tó kọjá. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, n kò sọ fún ọ nítorí ariwo rẹ. Mo gún ìnsúlínì láàárọ̀ bí o ṣe ní kí n má pa á jẹ. Nígbà tó ku wákàtí kan kí wòlíì ní ká ṣínu, òógùn bò mí, ara mi ń gbọ̀n, mò ń sọ kántankàntan, mo ní Ẹ̀mí ló bà lé mi. Gbogbo ìjọ náà rò bẹ́ẹ̀, wọ́n gbé orin sókè, Ìyá Levi tó jókòó tì mí sì ti ń kọ ìran mi sínú ìwé. Àfi bí Gafar ọlọ́kadà ṣe já wọlé tòun ti bàtà, níbi tí a kì í wọ bàtà, tó da mínírà sí mi lẹ́nu. Ó ní ìwọ lo pe òun láti Thamesmead, pé ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́jẹ̀ mi, pé ìnsúlínì kò mọ ààwẹ̀, ilẹ̀kùn ló ń ṣí ṣáá. Ojú mi là, ojú sì tì mí. Wọ́n ní kí Ìyá Levi ya ìwé náà.

Ṣé o mọ ohun tí mo torí ẹ̀ gbààwẹ̀? Kí Ọlọ́run mú ọ wálé ni. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn. Ìwọ fúnra rẹ lo ba ààwẹ̀ rẹ jẹ́.

Tí owó bá wà, fi ti òrùlé ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ gan-an ni kí o lẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́ apá tìrẹ náà, kí ó máa sọ fún fóònù mi. Bí mo bá pè ọ́, o á ní dáadáa lo wà, ohùn rẹ á sì ti há. Èmi náà fẹ́ mọ̀ nígbà tí o kò bá tíì jẹun.

Ọlọ́run tó jẹ́ kí o rí mi lókèèrè yóò jẹ́ kí n rí ọ nítòsí.

Èmi ni ìyá rẹ. Mo ti jẹun.