Ìbọn Ìsìnkú Bàbá

Ọládipọ̀,

Ọwọ́ òfo ni mo bá dé láti ilé ìtajà ọta ìbọn. Ọkùnrin ibẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìbọn Bàbá, ó ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó ní, "Kàmáràdì, ẹni tó ni ín ni kó wá tọwọ́ bọ̀wé." Mo ní òkú kì í tọwọ́ bọ̀wé, ìsìnkú rẹ̀ gan-an la fẹ́ fi ọta náà ṣe. Òótọ́ tí mo sọ ló bà á jẹ́. Ó fi bíìkì ìkọ̀wé pupa fa ìlà lé orúkọ Bàbá, ó sì gbẹ́sẹ̀ lé ìwé àṣẹ náà.

Ìwé àṣẹ tìrẹ nìkan ló kù, èyí tó o ti ń sọ láti èṣí pé wàá tún ṣe. Lọ ṣe é lónìí, kó o sì fi ra ọta! Mo ti bá pósí lọ Pobè. Má wá bá wa lọ́wọ́ òfo lọ́la.

Kò sí ọdẹ tó kú ní Pobè tí Bàbá ò yìnbọn fún. Ṣé òun la wá máa sin ní ìdákẹ́rọ́rọ́?

Ìbíjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ