Ìhágún Màmá Kíbọ́ọ̀dù Lórí Kọ̀ǹpútà Yàrá Ẹ̀yìn

Èmi, tí gbogbo ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ mọ̀ sí Màmá Kíbọ́ọ̀dù, opó Tíṣà Àgbà, ìyá ọmọ méjì, ni mo fi ọwọ́ ara mi tẹ ìwé yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, mi ò sì fi orúnkún kọ̀wé.

Ìhágún tí mo ṣe ṣáájú èyí, mo ti wọ́gi lé e. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àbúrò mi obìnrin àti lọ́yà tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà ni yóò rí i pé gbogbo ohun tí mo sọ di ṣíṣe.

1. Ilé tí mo ń gbé jẹ́ ti àwọn ọmọ mi méjèèjì, dọ́gbadọ́gba. Ẹ má tà á láìjẹ́ pé ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ń jò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí káfíńtà tó ṣe é kẹ́yìn tún fọwọ́ kàn án.

2. Ẹ̀rọ táípù mi jẹ́ ti ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì. Lẹ́tà "e" rẹ̀ máa ń há, òun nìkan ló sì mọ bí èèyàn ṣe ń lù ú kó jáde.

3. Adìyẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ ti aránṣọ ilé kejì. Ó mọ ìwà àkùkọ funfun yẹn, kò ní lè sọ pé mi ò kìlọ̀.

4. Kọ̀ǹpútà dúdú tó wà ní yàrá ẹ̀yìn jẹ́ ti àkọ́bí mi ọkùnrin, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Nígbà tí bàbá yín fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkọsílẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ, tí kò sẹ́ni tó ń sọ wọ́n mọ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ohun tó fẹ́ kò ju ojú kọ̀ǹpútà dúdú àti lẹ́tà funfun ńláńlá, láìsí àwòrán kankan. Ètò ìkọ̀wé irú rẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gbó: tó bá ti fi àmì sórí ọ̀rọ̀, àmì ìbéèrè ni yóò jáde. Nígbà tó sì yọ àmì kúrò, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti oko di ọ̀kan náà. Ó ní, "Ìyàwó mi, ẹ̀rọ yìí ti sọ mí di ohun tí wọ́n fi ń roko."

Ètò tuntun wà, àmọ́ a ò rí èyí tí wọ́n ti kọ́ tán fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ bíi tiwa. Sọ́ọ̀sì kóòdù rẹ̀ nìkan la rí, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí àwọn tó ṣe é fọwọ́ kọ, kí olúkúlùkù lè kọ́ tirẹ̀ nílé. Àṣẹ mẹ́ta péré ni: àkọ́kọ́ á yẹ kọ̀ǹpútà wò bóyá ohun èlò pé, ìkejì á kọ́ ètò náà, ìkẹta á gbé e síbi tí yóò máa gbé. Àkọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní àkójọ àṣẹ tó ń gbé lẹ́tà sójú kọ̀ǹpútà kò sí. A wá a, a kọ́ ìyẹn náà. Ètò wá kọ́ tán, àmì ìbéèrè ṣì ń jáde! Bàbá yín ń ka àṣìṣe sókè bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì, èmi ń wá ibi tó ti wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i pé oríṣi àkójọ náà méjì ló wà, èyí tí kò mọ lẹ́tà alámì la sì lọ mú. Mo mú èkejì, mo tún gbogbo rẹ̀ kọ́.

Ó jókòó, ó fi ìka méjì tẹ orúkọ tó máa ń pè mí nígbà tí ẹ ò bá sí nílé. Gbogbo àmì rẹ̀ pé. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí.

5. Ọ̀rọ̀ tó le nìyí. Ọdún kan lẹ́yìn ikú bàbá yín, àkọ́bí mi wá kí mi. Ó rí i pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, títí kan àwọn ọ̀rọ̀ tí bàbá yín kọ, ó fi nǹkan tuntun sí i láìbi mí léèrè. Mo sọ fún un pé, "O ti sin bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kejì." Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Ó di ọdún mẹ́fà báyìí tí a kò ti rí ara wa. Nínú ìhágún àkọ́kọ́, n kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún un.

Mo jẹ́wọ́: nígbà tí ìjà wa pé ọdún méjì, mo ń tú aṣọ bàbá yín kí n lè fi tọrẹ, mo sì bá fílàṣì kan, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ohun inú kọ̀ǹpútà, nínú àpò kóòtù rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, títí kan sọ́ọ̀sì kóòdù ọjọ́sí. Kò sí ohun tó sọnù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi mọ̀, tí ojú ń tì mí láti sọ. Ọmọ mi, o ò sin ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo jẹ̀bi. Má bínú sí mi.

6. Fílàṣì náà jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì. Kí àkọ́bí tún ètò ìkọ̀wé náà kọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí àbúrò rẹ̀ jókòó tì í. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá yín ò tíì kọ ìtumọ̀ wọn. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí lọ́yà ka ìwé yìí dé ibi karùn-ún, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ó dìgbà tí ẹ bá kú kí ọmọ yín tó gbọ́ èyí ni?" Mo ní kó bá mi gbé fóònù.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024.

Màmá Kíbọ́ọ̀dù

Ẹlẹ́rìí kìíní: oníṣọ́ọ̀bù bàtà.
Ẹlẹ́rìí kejì: akọ̀wé lọ́yà.

Àkọ́bí mi wà ní ìjókòó. Lọ́yà ní kò lè ṣe ẹlẹ́rìí, nítorí ó wà lára àwọn tó ń jogún. Mo mú bírò láti fọwọ́ sí i. Òun ló bá mi di ìwé náà mú.