Garo Kì Í Dá Jẹun

Ọjọ́ Ajé, 3 Agẹmọ

Mò ń lọ sí òkun. Èmi, Persida, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tí n kò tíì rí omi tó ju odò Kolubara lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n lè gbà á gbọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sẹ́yìn káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́, káàdì tí àwọn ẹlòmíràn ń fi ránṣẹ́ láti etí òkun ni mò ń lu òǹtẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi Vuka ti sanwó bọ́ọ̀sì àti yàrá, ní Gíríìsì. Kò bi mí tẹ́lẹ̀. Ó ní tí òun bá bi mí, ológbò mi Garo ni mo máa tún fi ṣe àwáwí. Ó ní kì í ṣe Garo ló ń dá mi dúró, èmi ni mò ń fi Garo bojú. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òótọ́ ló sì sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Agẹmọ

Milunka, ará òdìkejì, ló máa bá mi bọ́ Garo. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ra aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ — dúdú. Vuka ní ṣé ìsìnkú ni mò ń lọ ni. Mo padà lọ fi pààrọ̀ aláwọ̀ ewé. Mo wọ̀ ọ́ níwájú dígí. Garo wò mí, ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́rú, 5 Agẹmọ

Wàhálà. Ìyá Milunka ṣubú lábúlé, Milunka sì gbéra láàárọ̀ yìí. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọ̀la la ń lọ. Gbogbo ará ilé ti lọ ìsinmi tán, àfi Ìgbìmọ̀ Bẹ́ǹṣì — àwọn ìyá mẹ́ta tó máa ń jókòó síwájú ilé láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Ẹsẹ̀ wọn kò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ó wá ku Ọlọ́pàá Àtẹ̀gùn.

Ọ̀gbẹ́ni Sreten ni mò ń pè bẹ́ẹ̀. Àjà kẹrin, orí mi gan-an. Mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú irin ni kó tó fẹ̀yìntì, ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Òun ló lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí "àwọn tó ń sin ẹranko" máa gbá irun ẹranko wọn. Èmi nìkan ló ń sin ẹranko nínú ilé yìí.

Mo gòkè lọ bá a. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mélòó lójúmọ́?" Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Agẹmọ

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí, lẹ́tà ń jó. Àpò mẹ́ta ni Vuka gbé, oúnjẹ ló kún méjì: ata yíyan, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ, búrẹ́dì tó tó bọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan. Mo ní ṣé àwọn ará Gíríìsì kì í jẹun ni. Ó ní wọ́n ń jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbowó.

Garo wọ abẹ́ ibùsùn, kò jáde wá kí mi pé ó dàbọ̀. Mo sunkún díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bọ́ọ̀sì gbéra báyìí, mo gbàgbé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Agẹmọ

Mo rí i. Òkun kò ní òdìkejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Agẹmọ

Mo wọ inú rẹ̀ dé ọrùn. Iyọ̀ lójú, iyọ̀ létí, iyọ̀ nímú. Mo rẹ́rìn-ín títí Vuka fi ní kí n rọra, àwọn èèyàn ń wò wá. Kí wọ́n máa wò. Aṣọ aláwọ̀ ewé yẹ mí.

Ìrọ̀lẹ́ — Ọlọ́pàá pè. Ohùn rẹ̀ bí ẹni tó ń kéde ọkọ̀ ní ibùdókọ̀. Oúnjẹ tí òun gbé kalẹ̀ láàárọ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ti àná náà, bẹ́ẹ̀ ló wà. Ológbò kò kúrò lábẹ́ ibùsùn. Ó ní òun rò pé ó yẹ kí n mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Agẹmọ

Kò jẹ. Mo ní kí Ọlọ́pàá ṣí ẹja inú agolo fún un. Kò jẹ. Vuka ní tí ebi bá pa á dáadáa, á jẹ. Mo ní ológbò tó bá pẹ́ láìjẹun lè kú. Ó wò mí. "O ti rí ohun tó o máa fi sá padà sílé nìyẹn." Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń jẹun rẹ̀.

Bọ́ọ̀sì kan ń padà lọ́la nírọ̀lẹ́. Mo ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ká má parọ́, n kò fẹ́ lọ. Òkun wà níwájú mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n ni. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ebi pa ẹni tó ń dúró dè mí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Agẹmọ

Ọ̀sán. Vuka ṣì ń bínú. Ó fi mí sílẹ̀ nídìí tábìlì, ó lọ lúwẹ̀ẹ́. Ẹja yíyan gbígbóná wà níwájú mi. N kò lè dá a jẹ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Láti ọjọ́ tí Garo ti dé ọ̀dọ̀ mi, tí mo bá jókòó ti ọbẹ̀ mi, òun náà á jókòó ti abọ́ rẹ̀. N kò rí i rí kó dá jẹun. N kò sì sọ fún Ọlọ́pàá. Ta ló máa ń rántí sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀?

Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Mo ní tó bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí ló máa ń ṣe. Ó ní òun máa ń jáde ni. Kí lòun fẹ́ jókòó ṣe nílé obìnrin tí kò sí nílé, tí àwọn ìyá orí bẹ́ǹṣì sì ń ṣọ́ òun? "Tó bá dọ̀la wọ́n á ní mo ti kó wọbẹ̀." Mo ní, "Kí wọ́n sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí nǹkan sọ nípa mi kẹ́yìn."

Mo wá ń pàṣẹ, èmi Persida: ìkòkò kọfí wà lórí sítóòfù, ṣúgà wà nínú agolo pupa, ẹ gbé búrẹ́dì yín wá, ẹ jókòó, ẹ jẹun, ẹ má wo ológbò náà rárá. Ó ní, "Mo ti gbọ́, aládùúgbò."

Mo jókòó lórí àpò mi, mò ń dúró. Bọ́ọ̀sì ti dé, awakọ̀ ń kó ẹrù àwọn èèyàn sínú. Fóònù dún. Oúnjẹ wà lẹ́nu Ọlọ́pàá. Ó ní, "Ó ń jẹ." Ó rọra sọ ọ́, kó má bàa dẹ́rù ba Garo.

Vuka ló tú ẹrù mi. Nígbà tó tú u tán, ó sọ púpọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Agẹmọ

Mo lúwẹ̀ẹ́ láì di Vuka mú. Mo mu omi iyọ̀ yó. Ó dùn.

Ọjọ́bọ̀, 13 Agẹmọ

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni Ọlọ́pàá ń pè tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ẹ̀mejì. Ó din ẹ̀dọ̀ adìyẹ lónìí, "fún àwa méjèèjì," ó ní. Garo ti ń jókòó lórí àga. Irun ti kún ṣòkòtò rẹ̀. Mo ní kó lẹ ìwé mọ́ ògiri. Ó rẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí bí òkun ṣe rí. Ó ti rí i rí nígbà tó ń ṣe sójà, ó ní òun kò rántí ju ariwo rẹ̀ lọ. Mo na fóònù sí ìgbì kó gbọ́. Apá ro mí, n kò gbé e sílẹ̀. Vuka ní, "Ológbò wo lò ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀?" Ojú mi gbóná. Mo ní oòrùn ni.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Agẹmọ

Mo délé. Ìgbìmọ̀ Bẹ́ǹṣì dìde kí mi. Wọn kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. "Persida, àlejò rẹ mọ kọfí sè o. Òórùn rẹ̀ ń dọ́dọ̀ wa níbí." Mo kàn ń rẹ́rìn-ín. Mo sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọdé.

Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ọ̀rá, wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀kùn mi. Ilé mọ́. Ife kan wà tí wọ́n fọ̀, tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Garo yí mi lẹ́sẹ̀ ká, ó bú mi, ó dárí jì mí. Sreten kò sọ̀kalẹ̀. Mò ń gbọ́ ìrìn rẹ̀ lókè orí mi, síhìn-ín, sọ́hùn-ún. Mo ra epo ólífì bọ̀ fún un. Ó ṣì wà lórí tábìlì. Inú ń bí mi, n kò sì mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Ọjọ́ Ajé, 17 Agẹmọ

Mò ń gbé kọfí kaná lọ́wọ́ ni Garo ti jẹ tirẹ̀ tán. Kò dúró dè mí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá jẹun. Èmi ni n kò tíì kọ́ ọ. Mo ti búrẹ́dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo gòkè. Ó ṣílẹ̀kùn kí n tó kàn án tán, ó ti fá irùngbọ̀n. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Sreten, Garo kò jẹun láti àná." Irọ́ gbuu. Ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé mi.

Ó wo abọ́ tí wọ́n ti lá mọ́ tónítóní. Ó wo Garo tó ń nu ẹnu lójú fèrèsé, tí ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀. Ó wò mí. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ní lóòótọ́ ni, Garo ti rù gan-an. Ó ní bí òun ṣe rí i yìí, àfi kí òun máa wá lójoojúmọ́.