Ọjọ́ Àìkú Tí Iná Ò Lọ

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

A to ẹyin tuntun sínú ẹ̀rọ ìsàba lónìí. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, òròmọdìyẹ á jáde, bí ooru bá dúró sójú kan.

Èmi ni mo tò ó, torí Bàbá Àtẹ ò sí níbẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń pa ẹyin níbí. Oṣù tó kọjá ni Màmá tó ni ilé iṣẹ́ ní kó lọ sinmi nílé. Gbogbo wa la mọ irú ìsinmi tí ìyẹn jẹ́.

Kí n kọ ọ́ kó yé mi. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ́fíìsì ló ń darí ooru. Ìwé àṣẹ kan wà nínú rẹ̀, àwọn ìlà tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Òun ló ń wo ooru, tó ń tan ẹ̀rọ, tó ń pa á. Bí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà á tàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ àfi kí ẹnì kan jókòó kó tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, kejì oṣù Kejì, kọ̀ǹpútà kú, ó tún tàn, kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan. Ọ́fíìsì wà ní títì. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, gbogbo ẹyin ti tutù. Bàbá Àtẹ ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní iná ò lọ rárá lọ́jọ́ náà. Kọ́kọ́rọ́ ní irọ́ ni, ó sùn lọ ni, kò mọ̀gbà tí iná lọ, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn lé e lórí. Èmi náà fọwọ́ sí i.

(Kọ́kọ́rọ́ ni ẹnjiníà wa. Gbogbo páásíwọọ̀dù ilé iṣẹ́ wà lápò rẹ̀. Èmi àti ìwé yìí nìkan la ń pè é bẹ́ẹ̀.)

Màmá ti sọ ọ́: bí èyí náà bá tutù, yóò ti yàrá ìsàba pa.

Kò ní tutù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ní kí Kọ́kọ́rọ́ fún mi ní páásíwọọ̀dù rúùtù, ti ọ̀gá pátápátá, ẹni tó lè ṣe ohun gbogbo nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí ìwé àṣẹ máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, rúùtù kì í ṣe ṣíbí ọbẹ̀ téèyàn ń yá aládùúgbò." Ó ní láìsí rúùtù, kò sóhun tó lè bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn.

Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Irọ́ gbuu ni.

Ọjọ́rú, 5

Kí ni mo fẹ́ fi rúùtù ẹ̀ ṣe? Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà yẹn ló ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Crontab lorúkọ rẹ̀. Mo ṣí tèmi. Mo kọ @reboot, mo kọ orúkọ ìwé àṣẹ mi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìtumọ̀: gbàrà tí o bá jí, ṣe èyí.

Ìlà kan ṣoṣo! Mo súfèé délé.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún tàn án. Mo káwọ́ gbera dúró. Kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Òfo. Mo yáa fọwọ́ tẹ ìwé àṣẹ kí ooru má bàa já.

Ọ̀sán ni mo tó rí i. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń jí, kò tíì mọ ilé mi. Mo dárúkọ ìwé àṣẹ fún un, mi ò sọ ibi tó wà. Bí ẹni tó ní kí àlejò lọ bá òun mú bàtà wá, tí kò sọ yàrá tó wà. Mo kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sí i látòkè délẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ó bẹ̀rẹ̀ — ó tún kú. Imú ni kò tíì jí. (Imú: ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru. Ó máa ń pẹ́ lójú oorun bí ọkọ mi.) Mo ní kí ìwé àṣẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko kó tó pe Imú. Mo fi méjì kún un: nígbàkúùgbà tó bá jí, kó kọ aago sílẹ̀, kó sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Màmá dé, ó ti awò ojú sórí. "Fi hàn mí." Kò dúró kí n ṣàlàyé, òun fúnra rẹ̀ ló fa wáyà kọ̀ǹpútà yọ lára ògiri. Ó tì í padà. A dúró. Ìṣẹ́jú kan — méjì —

Fóònù mi dún: "Mo ti jí. Ooru 37.4."

Màmá wò mí. "Ẹnjiníà ló fún ẹ láṣẹ?"

Mo ní mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, mà. Orúkọ mi nìkan tó o.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo sùn. Mo jẹun. Mo tún sùn.

Ọjọ́rú, 12

Iná lọ ní tòótọ́. Mo ń di irun ọmọ mi lọ́wọ́ ní pálọ̀. Mo gbọ́ tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, mo mọ̀ pé tiwa náà á ti tàn níbi iṣẹ́. Mo gbé fóònù sórí itan. Ó dún. "Mo ti jí. Ooru 37.3."

Ọmọ bi mí pé ta ló jí. Mo ní ọmọ mi kejì ni. Bàbá ẹ̀ ní, "Ṣé èmi ni mo bí ìyẹn?"

Ọjọ́ Àìkú, 16

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ láàárọ̀, "Mo ti jí." Ó dáa, iná ti ṣẹ́jú nìyẹn. Mo pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń dúró lọ́jọ́ Àìkú báyìí. Ó ní, "Àǹtí, iná ò lọ o."

Mo ní ó lọ. Ó ní òun ń gbọ́ rédíò látàárọ̀, kò dákẹ́ rí.

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé, "Ẹ sùn lọ ni." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mi ò lè jẹun mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 17

Jẹnẹrétọ̀ wa máa ń ka wákàtí tó bá fi ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà tí a kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ló ṣì wà lójú rẹ̀. Iná ò lọ.

Mo wá bi kọ̀ǹpútà: ìgbà wo lo tàn, ta ló wọlé? Ẹnikẹ́ni lè bi í, kò gba rúùtù. Ó tò ó sílẹ̀ fún mi. Lánàá: Kọ́kọ́rọ́ wọlé láti ilé rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà tún tàn. Ó ń tún un ṣe láti ilé nìyẹn, lọ́jọ́ ìsinmi, kó má bàa dí wa lọ́wọ́.

Mo yí i sókè. Ọjọ́ kejì oṣù Kejì. Kọ́kọ́rọ́ wọlé láti ilé rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà tún tàn.

Bàbá Àtẹ sọ fún wa. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbuwọ́lù mi wà lábẹ́ ìwé yẹn, ó rí gbàgàdà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ọkọ mi nìkan. Ó ní, "Ó ti yé ẹ. Kí lo tún ń rò?"

Ọjọ́rú, 19

Mo tẹ àkọsílẹ̀ náà sórí bébà, mo gbé e lọ bá Màmá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ránṣẹ́ pe Kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé yóò jà, mo ti múra ìjà. Kò jà. Ó ní òun tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ yẹn, òun gbàgbé láti tẹ ìwé àṣẹ. Ó ní òun fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé, ṣùgbọ́n wọ́n ti dárúkọ Bàbá kí òun tó dé, ẹnu òun wá wúwo, òun sì bá wọn dá a lẹ́bi. Ó ń wo ilẹ̀. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Màmá kọjú sí mi. "Ìwọ náà fọwọ́ sí i."

"Mo fọwọ́ sí i, mà."

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo lọ sílé Bàbá Àtẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń rán bàtà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní mo fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí.

Ó ń rán bàtà lọ. Ó wá ní, "Mo sọ fún yín pé iná ò lọ."

"Ẹ sọ ọ́, sà."

Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mi ò sì bèèrè. Ó kàn bi mí pé ọjọ́ mélòó ni ẹyin ti lò. Mo ní mẹ́tàdínlógún. Ó ní, "Ọ̀la lẹ máa kó wọn bọ́ sí àtẹ ìsàlẹ̀ nìyẹn." Ó já òwú.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Bàbá Àtẹ ti dé kí n tó dé.

Ọjọ́ Ajé, 24

Igbe òròmọdìyẹ ló pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Àtẹ lórí àtẹ, gbogbo wọn ń mì. Bàbá Àtẹ ń ṣà wọ́n sínú páálí, ọwọ́ rẹ̀ ń yára ju ojú mi lọ. Màmá dúró, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí Bàbá sọ ohun tó fẹ́, ohunkóhun.

Bàbá nu ọwọ́. Ó ní òun fẹ́ ní orúkọ nínú kọ̀ǹpútà. Orúkọ òun gan-an. Kí òun lè wọlé, kí òun lè wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ nípa òun.

Rúùtù nìkan ló lè ṣe ìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ lọ jókòó, ó ṣe é, kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ó dìde fún Bàbá. "Ó ku páásíwọọ̀dù, sà. Ẹ̀yin lẹ máa yan tiyín."

Bàbá jókòó. Ó wo àwọn bọ́tìnnì. Ó wo gbogbo wa.

"Ẹ yíjú."

A yíjú sí ògiri, èmi, Kọ́kọ́rọ́, Màmá náà pẹ̀lú awò lórí. Òròmọdìyẹ ń ké. Lẹ́yìn wa, ìka kan ṣoṣo ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fara balẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Páásíwọọ̀dù náà gùn.